Ekòló Kan ní Gwagwalada

Iṣẹ́ páìpù ni mo fi ogójì ọdún ṣe,
láti Zuba dé Kubwa,
bí omi bá kọ̀ tí kò lọ, èmi ni wọ́n ń pè.
Mo ní wáyà gígùn kan, ó le bí ọ̀rọ̀ àna,
òun ni mo fi ń gún páìpù títí ẹ̀gbin á fi yàgò.
Páìpù kì í ké.
N kò ronú kàn án rí
àfi ọjọ́ tí wọ́n fi wáyà gún èmi náà.

Ó di ọdún kẹrin báyìí.
Ìfun ni wọ́n fẹ́ wò. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀,
kí n ká eékún mọ́ àyà bí ọmọ inú oyún.
Rọ́bà dúdú kan, lójú mi ó gùn ju ọ̀nà Lọ́kọ́ja lọ,
ẹni tó ń tì í ń làágùn, èmi tí wọ́n ń tì í sí nínú ń làágùn.
Níbi tí ìfun ti ṣẹ́ kọ́nà, rọ́bà kò mọ kọ́nà,
ó ń lọ gbọọrọ bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí kò dúró gbọ́ ọ tán.
Mo di eyín mọ́ aṣọ ìnura.
Mo sọ ohun kan ní Haúsá
tí nọ́ọ̀sì Talatu fi fọwọ́ bo ẹnu.

Èmi náà ni mo ròyìn rẹ̀ fún Láwuyì ẹ̀gbọ́n mi.
Ìdí ọpọ́n ayò ni, mo fi ń dá wọn lára yá,
mo na apá méjèèjì láti fi júwe bó ti gùn tó.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde
ó ní, "Ọyáníyì, wọn kò ní ṣe mí bí wọ́n ti ṣe ọ́."
A sin ín sí Ogbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù Ọ̀wàrà.
N kò ta ayò mọ́.

Ọyẹ́ ọdún yìí, tí ètè mi ń là, Talatu pè mí lórí fóònù:
"Bàbá, sannu. Ekòló ti dé."
Mo ní kí ni?
Ó ní kí n wá fojú ara mi rí i.

Dókítà Rakiya gbé e lé mi látẹ́lẹwọ́,
rọ́bà rírọ̀, ó funfun bí inú àgbọn,
oríkèé lórí oríkèé, kò nípọn ju ìka mi lọ,
iná tín-ín-tín lójú rẹ̀.
Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ̀yìn wú, ó di ibi tó wà mú, iwájú nà.
Iwájú wú, ẹ̀yìn rọra fà tẹ̀ lé e.
Ó rìn láti ọrùn-ọwọ́ mi dé orí ìka,
kò wúwo ju ìgbà tí èèyàn ń rántí nǹkan.
Ó ní ọmọ Zaria kan ló ṣe é,
tó jókòó ti ekòló lóko bàbá rẹ̀ lẹ́yìn òjò títí oòrùn fi wọ̀.
Mo bi í pé, ṣé ọmọ náà gbọ́ Yorùbá ni?
Ó ní rárá, kí ló dé?
Mo ní, ekòló tó júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un.
Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ ní Haúsá. Kò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Mo fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo di aṣọ ìnura mú, ó ti mọ́ mi lára.
Ó wọlé. Kò tì, kò gún.
Ní kọ́nà ó dúró, ó bi kọ́nà léèrè ọ̀nà,
kọ́nà sì fọ̀nà hàn án.
Lójú ẹ̀rọ mo ń wo ilé mi tí n kò dé rí,
ó pupa, ó ń dán,
ó rí bí ẹnu ọmọdé tó ń yán.
Kí n má purọ́, inú mi kùn, mo sì só lẹ́ẹ̀mejì.
Wọ́n rí kókó kan bí hóró ọkà bàbà, wọ́n já a kúrò.
Wọ́n ní a tètè dé.

A tètè dé.

Nírọ̀lẹ́ mo lọ bá wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù Sani tó ń lẹ táyà.
Idoko sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì.
Wọ́n ní, báwo ló ṣe gùn tó lọ́tẹ̀ yìí?
Ìka kan ni mo nà sókè.
Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.
Mo dúró kí wọ́n rín in tán,
ìka mi ṣì wà lókè.